Ìrètí Onígbàgbọ́ Lójú Ikú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo jókòó ronú ṣẹ̀dá. Ẹnu àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹnu àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn, àti ẹnu àwọn aláìsàn fúnra wọn ni mo ti gbọ́ wọn láàárín ọdún púpọ̀ tí mo ti ń bá ìjọ ṣe ìbẹ̀wò. Àwọn kan máa ń béèrè ní gbangba. Àwọn mìíràn a dúró títí èrò yóò fi túká kí wọ́n tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí Kristẹni bá ń bẹ̀rù ikú?

Rárá o. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó sì ti ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá fún ìgbà pípẹ́, sọ fún mi lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n máa pa iná yàrá òun lálẹ́ mọ́. Ojú tì í láti sọ ọ́. Ó ní, "Èmi tí mo ti ń tu ọlọ́fọ̀ nínú láti ọjọ́ yìí wá, àyà mi ń já." Mo rán an létí pé Olúwa Jésù fúnra rẹ̀ kò fẹ̀rín lọ sórí igi àgbélébùú. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, ó dojú bolẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé bí ó bá ṣeé ṣe, kí ago náà ré òun kọjá, Lúùkù sì sọ pé òógùn rẹ̀ dà bí ẹ̀jẹ̀ tí ń kán sílẹ̀. Ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí ni àyà rẹ̀ já bẹ́ẹ̀.

Ìwé Hébérù orí 2 sọ pé Kristi kú kí ó lè dá àwọn tí ìbẹ̀rù ikú ti sọ di ẹrú ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ẹrú" yẹn ni kí a dì mú. Kò sọ pé àyà ẹnikẹ́ni kò ní já mọ́; ohun tó sọ ni pé ìbẹ̀rù náà kò ní jẹ ọ̀gá lórí wa mọ́. Ẹni tí ìbẹ̀rù ikú ti sọ di ẹrú ni kì í lè gbélé, tí ń sáré láti ọ̀dọ̀ wòlíì kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, tí ń ra òróró àti ọṣẹ lówó gọbọi, tí kò sì lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun mọ́ nítorí àlá tí ẹnìkan lá sí i.

Ó sì yẹ kí olúkúlùkù wádìí ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ikú fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ìrora tó ṣáájú rẹ̀, tàbí kí èèyàn di ẹrù sí àwọn ọmọ lọ́rùn, tàbí ta ni yóò san owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn. Èyí tó jẹ́ ti dókítà, kí a gbé e lọ bá dókítà. Èyí tó jẹ́ ti ẹbí, kí a pe ẹbí jókòó. Kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀rù ni à ń fi ẹsẹ Bíbélì nìkan dáhùn.

Kí ni "ìdánilójú" tí àwọn oníwàásù máa ń mẹ́nu bà? Ṣé kì í ṣe ìgbéraga ni kí èèyàn ní òun mọ ibi tí òun ń lọ?

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa bóyá ọ̀run ni à ń lọ, èsì tí ẹ máa gbọ́ ni "À ń gbìyànjú," tàbí "Àánú Ọlọ́run ni." Lójú tèmi, èsì kejì yìí sún mọ́ òtítọ́ ju bí ẹni tó sọ ọ́ ti rò lọ. Ìgbéraga ni yóò jẹ́ lóòótọ́, bí ìdánilójú bá dúró lórí ìwà wa. Ṣùgbọ́n Jòhánù kọ̀wé sí àwọn tó gba orúkọ Ọmọ Ọlọ́run gbọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ní ìyè àìnípẹ̀kun. Kò kọ ọ́ kí wọ́n lè máa méfò.

Ní ọdún 1563, wọ́n tẹ ìwé ẹ̀kọ́ kan jáde ní ìlú Heidelberg ní Jámánì, òun náà sì jẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni pé, kí ni ìtùnú rẹ kan ṣoṣo ní yíyè àti ní kíkú? Ìdáhùn náà bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, èmi kì í ṣe ti ara mi, bí kò ṣe ti Jésù Kristi, Olùgbàlà mi olóòótọ́. Àwọn tó kọ ọ́ kò sọ bí ìgbàgbọ́ wọn ti lágbára tó, wọn kò sì ka ọdún tí wọ́n ti lò nínú ìjọ. Ẹni tó ni wọ́n ni wọ́n dárúkọ.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Bí ìyá bá ń gun òkè, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè sùn, ó lè máa ké, ó tilẹ̀ lè jù ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ gbàgà. Ọ̀já ló dè é mọ́ ẹ̀yìn ìyá, kì í ṣe bí ọwọ́ tirẹ̀ ti dì mọ́ ìyá tó. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i pé ìgbàgbọ́ òun ń mì ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn kò tíì jábọ́.

Àwọn ìjọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Ìjọ Àgùdà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìgbàlà rẹ̀ ṣe ohun tó dájú láìsí ìfaradà títí dé òpin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà gbà pé èèyàn lè ṣubú kúrò nínú oore-ọ̀fẹ́. Àwọn tó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Calvin, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe àtúnṣe ìjọ ní Yúróòpù, ní ẹni tí Ọlọ́run bá dì mú kò ní já bọ́, síbẹ̀ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Westminster tí àwọn Presbyterian ń lò gbà pé onígbàgbọ́ tòótọ́ lè dúró pẹ́, kó sì la ìṣòro púpọ̀ kọjá, kí ìdánilójú tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ìjẹ́wọ́ yẹn, nítorí ó gba ọ̀pọ̀ èèyàn rere tí mo mọ̀ mọ́ra.

Níbo ni àwọn onígbàgbọ́ tó ti kú wà báyìí?

Ọ̀dọ̀ Kristi ni. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé láti inú ẹ̀wọ̀n sí àwọn ará Fílípì pé òun ń fẹ́ láti lọ kí òun sì wà lọ́dọ̀ Kristi, nítorí ó dára jù lọ. Jésù sì sọ fún olè tó wà lórí àgbélébùú pé lónìí ni yóò wà pẹ̀lú òun ní Párádísè. Kò sọ fún un pé bó bá ti tún ayé rẹ̀ ṣe tán, nítorí ọkùnrin náà kò ní ọjọ́ kankan mọ́ tí yóò fi tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwàásù ìsìnkú máa ń dúró sí, ó sì kù. Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì tí à ń kà lọ́jọ́ Ìsinmi kò ní "mo gba lílọ sọ́run gbọ́". Àjíǹde ara àti ìyè àìnípẹ̀kun ló ní a gbà gbọ́. Ara! Ẹsẹ̀ tí àtọ̀gbẹ mú kí wọ́n gé, ojú tó fọ́, ọpọlọ tó gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí. Ìsinmi lọ́dọ̀ Olúwa jẹ́ ibi tí à ń dúró de àjíǹde sí. Ọjọ́ tí ibojì yóò ṣí ni òpin ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí Pọ́ọ̀lù fi ń pe ikú onígbàgbọ́ ní oorun, nítorí ẹni tó sùn ni à ń jí.

Àwọn ará wa inú ìjọ Seventh-day Adventist gbà pé òkú kò mọ ohunkóhun títí di ọjọ́ àjíǹde. Ìjọ Àgùdà ní tirẹ̀ ń gbàdúrà fún àwọn tó ti lọ, pàápàá ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, nítorí ẹ̀kọ́ wọn nípa ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn lórí èyí, àmọ́ ní ti ọjọ́ ìkẹyìn, ohùn gbogbo wa ṣọ̀kan pé Kristi yóò jí òkú dìde.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé àjíǹde Jésù kì í ṣe àlọ́ lásán?

Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ìbéèrè yìí rò: bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìwàásù, àwa sì ni ó yẹ kí a káàánú jù nínú gbogbo èèyàn. Nǹkan bí ọdún 55 ló kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, kò tíì ju nǹkan bí ọdún 25 lọ lẹ́yìn tí wọ́n kan Jésù mọ́gi. Ó ní àwọn tó lé ní 500 rí i lẹ́ẹ̀kan náà, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá ń parọ́ kì í sọ pé kí ẹ lọ bi àwọn tó ṣojú wọn.

Àwọn obìnrin ni Ìhìnrere sọ pé wọ́n kọ́kọ́ dé ibojì, bẹ́ẹ̀ ní ayé ìgbà náà, wọn kì í ka ẹ̀rí obìnrin sí. Bó bá jẹ́ àhesọ ni, ọkùnrin ni wọn ì bá fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun kékeré kan sì wà nínú Jòhánù orí 20 tí mo máa ń padà sí: aṣọ ọ̀gbọ̀ wà nílẹ̀ nínú ibojì, ṣùgbọ́n gèlè tí wọ́n fi di orí rẹ̀ kò sí lára wọn; wọ́n ká a jọ, ó wà níbì kan lọ́tọ̀. Olè tó wá jí òkú gbé ní òru kì í dúró ká aṣọ.

Wọ́n sọ ọmọ mi ní Babátúndé nítorí bàbá wa kú kí n tó bí i. Ṣé bàbá ló padà wá?

Orúkọ náà dára, ẹ má pa á rẹ́. Ó ń sọ fún ọmọ pé ẹnìkan wà ṣáájú rẹ̀ tí ilé fẹ́ràn. Àmọ́ ìgbàgbọ́ Kristẹni kò gbà pé àwọn tó ti lọ máa ń tún ayé wá nípasẹ̀ ọmọ tuntun, tàbí pé wọ́n ń ṣòwò ní ìlú mìíràn bí àkúdàáyà. Nígbà tí ọmọ Dáfídì kú, Dáfídì dìde, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sì ní òun ni yóò tọ ọmọ náà lọ, kò ní padà tọ òun wá.

Bí àwọn baba wa ṣe ń dágbére fún òkú dùn, ó sì ń dunni. Wọ́n á ní ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó dojú àlá. Wọ́n á ní kó má jòkùn, kó má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó bá wọn jẹ. Ìfẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. A ṣì ń ro ohun tí òkú wa yóò jẹ. Ṣùgbọ́n "ó di àrìnnàkò" ni Kristẹni kò lè sọ mọ́. Àrìnnàkò ni kí èèyàn ṣàdédé pàdé ẹni tí kò retí lójú ọ̀nà, ìpàdé tiwa sì ti ní ẹni tó pè é.

Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé èyí, ìtàn Samuel Àjàyí Crowther ni mo máa ń sọ. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, tí wọ́n sì yà á kúrò lọ́dọ̀ Àfàlá ìyá rẹ̀. Ọdún 25 kọjá. Ní 1846, ìyá náà wọlé tọ̀ ọ́ wá ní Abẹ́òkúta, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ Olúwa. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ojú ara àwọn láìfọhùn, omijé ńlá sì ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá òun. Ọdún 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Hannah. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yẹn ni mo máa ń rò bí wọ́n bá bi mí bóyá a óò dá ara wa mọ̀ lọ́run.

Ṣé kò yẹ kí onígbàgbọ́ sunkún?

Ó yẹ. Pọ́ọ̀lù kò sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má banú jẹ́, ó ní kí wọ́n má banú jẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Jésù mọ̀ pé òun fẹ́ jí Lásárù, síbẹ̀ ó sunkún. Stéfánù rí ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ kó tó kú, kò sí ikú onígbàgbọ́ tó dájú ju tirẹ̀ lọ, síbẹ̀ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8 sọ pé àwọn olùfọkànsìn gbé e lọ sin, wọ́n sì pohùnréré ẹkún kíkankíkan lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún opó ọjọ́ mẹ́ta pé "Ó tó, kí lo fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó sunkún.

A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, wọ́n fòróró yàn án, síbẹ̀ ó kú. Ṣé ìgbàgbọ́ wa ni kò tó?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dá ọgbẹ́ jù, nítorí àwọn kan a máa fi ẹnu ara wọn sọ fún ọlọ́fọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti jókòó ti ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún 9 kú lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún ààwẹ̀, tí ẹnìkan sì sọ fún un pé ọjọ́ kẹjọ tó mu omi ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ó ń ka ọjọ́ náà lórí ìka ọwọ́ rẹ̀ níwájú mi, ó ń ka á, ó ń tún un kà.

Àwa Yorùbá Kristẹni kò gbọdọ̀ dáhùn ìbéèrè yìí bí ẹni tí kò mọ ìtàn ara rẹ̀. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ńlá gba gbogbo ayé kan, àwọn èèyàn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Láti inú ẹgbẹ́ yẹn, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, ni gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti yọ. Àdúrà ìwòsàn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbé wá bá wa lánàá, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí àwọn aláìsàn ń wọ́ tọ̀ lọ nígbà ìsọjí Iléṣà ní 1930, kú ní Ẹdẹ ní 1959, ẹni ọdún 55. Ta ni yóò ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó? Hesekáyà rí ọdún 15 gbà kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 15 náà, ó kú. Lásárù pàápàá ti padà kú.

Ẹ tún ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12. Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù, ó sì ju Pétérù sẹ́wọ̀n. Áńgẹ́lì wá mú Pétérù jáde lóru. Ọba kan náà, ìjọ kan náà, orí ìwé kan náà. Lúùkù tó kọ ìwé náà kò sì sọ ìdí tí ọ̀kan fi lọ tí èkejì fi kù. Kò sọ pé wọn kò gbàdúrà tó fún Jákọ́bù. Èmi náà kò ní sọ ohun tí Lúùkù kò sọ. Mo sọ fún ìyá ọmọ náà pé omi tó mu lọ́jọ́ kẹjọ kọ́ ló pa ọmọ rẹ̀. Ó gba ìgbà púpọ̀ kó tó gbọ́.

Ikú òjijì ńkọ́, tàbí ẹni tó gbẹ̀mí ara rẹ̀?

A máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yọ wá nínú ikú òjijì, àdúrà rere sì ni, nítorí ikú tí kì í ṣe òjijì ń fún wa láàyè láti dágbére. Kì í ṣe pé ẹni tí mọ́tò pa lójú títì kò ráyè sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni kò ní dé ọ̀dọ̀ Olúwa rẹ̀. Ní ti ẹni tó gbẹ̀mí ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni àìsàn ọkàn ti dorí ìrònú wọn kodò kí ọjọ́ náà tó dé. Pọ́ọ̀lù ní ikú wà lára àwọn ohun tí kò lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Ọlọ́run, kò sì yọ irú ikú kankan sílẹ̀. Ẹni tí èrò bẹ́ẹ̀ bá ń wá sọ́kàn rẹ̀, kó sọ fún ẹnìkan lónìí, kó sì lọ rí dókítà. Kò tini lójú.

Bàbá mi kú láìgba Kristi gbọ́. Kí ni kí n sọ?

Ẹ má parọ́, ẹ má sì dájọ́. Kò sí ẹni tó wà láàárín bàbá yín àti Ọlọ́run ní wákàtí ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn olè yẹn fi hàn pé wákàtí ìkẹyìn gùn ju bí a ti rò lọ. Ábúráhámù béèrè pé Onídàájọ́ gbogbo ayé kì yóò ha ṣe ohun tó tọ́ bí? Ọwọ́ Onídàájọ́ yẹn ni kí ẹ fi bàbá sí.

Ṣé ìnáwó ìsìnkú ńlá lòdì sí ìrètí yìí?

Ṣíṣe ẹ̀yẹ fún òbí kò lòdì sí i. Kí a fi òkú sí mọ́ṣúárì fún oṣù mẹ́rin nítorí aṣọ ẹbí kò tíì pé, kí opó sì jẹ gbèsè lórí ìgò ọtí, èyí ni mi ò rí ìrètí nínú rẹ̀.

Kí ni ká ṣe lẹ́bàá ibùsùn ẹni tó ń kú lọ?

Ẹ dín ariwo kù. Yàrá aláìsàn kì í ṣe pápá ìsọjí, ẹni tí èémí rẹ̀ ń dín kò nílò kí èèyàn mẹ́fà máa lé ẹ̀mí òkùnkùn lórí rẹ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ dì í lọ́wọ́ mú. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ikú, ẹ má fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" pa á lẹ́nu mọ́. Ó lè ní ohun tó fẹ́ pín, tàbí ẹni tó fẹ́ bẹ̀. Bó bá ń fẹ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹ tètè pe àlùfáà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun: Jòhánù 14, tàbí Sáàmù 23.

Sáàmù 23 ni mo kà fún ìyá tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó kú. Ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa Olùṣọ́-àgùntàn bí ẹni tí kò sí nítòsí: ó mú mi dùbúlẹ̀, ó mú mi lọ, ó tu ọkàn mi lára. Níbi àfonífojì òjìji ikú ni ọ̀rọ̀ náà ti yípadà, tí Dáfídì kọjú sí i, tó ní "ìwọ." Mo ti kà á tó ìgbà mélòó kí n tó ṣàkíyèsí rẹ̀! Ètè ìyá ń mì tẹ̀lé mi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dé ẹsẹ kẹrin, ó ṣáájú mi. "Ìwọ," ó ní, kí n tó dé ibẹ̀, "ìwọ pẹ̀lú mi." Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin rẹ̀ béèrè bóyá kí òun pa iná wàyí. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kó máa tàn.